Ẹ Bi Ìwé Léèrè Kí Ẹ Tó Sanwó Ilẹ̀

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní Berger tí ẹ sì forí lé òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ ó máa rí i lára ògiri lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọjá Magboro. Ọ̀dà ni wọ́n fi kọ ọ́ gàdàgbà: "Ilé yìí kì í ṣe títà." Ẹ ó rí i ní Ibafo, ẹ ó rí i ní Mowe, ẹ ó sì tún bá a pàdé bí ẹ bá gba ọ̀nà Abẹ́òkúta lọ sí Ìfọ̀. Àlejò lè fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni tó kọ ọ́ kò ṣe àwàdà rárá; ó mọ̀ pé ẹnìkan lè dúró níwájú ilé òun lọ́sàn-án gangan, kí ó pe ara rẹ̀ ní onílé, kí ó sì gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò wádìí ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo tọkọtaya kan, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀. Wọ́n ti gba ilé gbé ní Èkó títí ó fi sú wọn. Wọ́n dá àjọ, wọ́n yá díẹ̀ kún un lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Alágbàtà mú wọn lọ sí Mowe. Wọ́n rí ilẹ̀, wọ́n rí òpó sìmẹ́ńtì mẹ́rin ní igun rẹ̀, wọ́n rí ìwé sọ̀fè tó ní òǹtẹ̀, wọ́n sì kí bàbá arúgbó kan tí wọ́n ní òun ni olórí ẹbí. Gbogbo ohun tí ojú lè rí ni wọ́n rí. Ìwé tó wà ní Abẹ́òkúta nìkan ni wọn kò bi léèrè, níbẹ̀ ni wọn ì bá sì ti rí i pé ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà kí wọ́n tó bí àwọn méjèèjì.

Ẹnu ẹni tó ń ta ilẹ̀ kò tó ẹ̀rí. Ibi mẹ́ta ni ẹ̀rí wà, ibi kọ̀ọ̀kan sì ní ìbéèrè tí òun nìkan lè dáhùn. Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó sì padà sílé, ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta òtítọ́ ló gbé délé.

Ta ló ni ilẹ̀ lójú òfin?

Láyé àtijọ́, ẹbí ló ni ilẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, olórí ẹbí sì ń bójú tó o fún gbogbo ọmọ ẹbí. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olusegun Obasanjo gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde. Òfin yìí fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ará ìlú. Gómìnà ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí tí a mọ̀ sí C of O. Ṣùgbọ́n òfin náà kò lé ẹbí tó ti wà lórí ilẹ̀ wọn kúrò. Ó gbà pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti máa lò ó.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, ní agbègbè tí a ń sọ yìí, ọwọ́ ẹbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ra ilẹ̀, tí púpọ̀ nínú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì tíì wọ ìwé ìjọba rí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ onílẹ̀ gbọ́dọ̀ bi ìjọba, kí ó sì bi ẹbí.

Ilẹ̀kùn kìn-ín-ní: Ṣé ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e?

Ibí ló yẹ kí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀, nítorí bí ìdáhùn bá burú níbí, kò sí ìdí láti ná kọ́bọ̀ mọ́. Abẹ́òkúta ni ọ́fíìsì Surveyor-General Ìpínlẹ̀ Ògùn wà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwòrán àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti wọ̀n àti àwọn ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Ìwé sọ̀fè máa ń ní orúkọ ẹni tí wọ́n wọnlẹ̀ fún, orúkọ wọnlẹ̀wọnlẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, nọ́ńbà ara òpó kọ̀ọ̀kan, àti àwọn nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ibi tí ilẹ̀ náà wà gan-an. Àwọn nọ́ńbà ìkẹyìn yìí ni wọn yóò gbé ka orí àwòrán ìjọba láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba gbà. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ìjọba ti dá apá kan padà fún ẹbí, ẹ béèrè gásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, kí ẹ sì wò ó bóyá ilẹ̀ tiyín wà nínú apá tí wọ́n dá padà.

Ẹ̀tàn kan wà níbí tó máa ń mú ọlọ́gbọ́n pàápàá. Ìwé sọ̀fè lè jẹ́ ojúlówó, kí ó má sì jẹ́ ti ilẹ̀ tí wọ́n mú yín lọ wò. Ẹ wá wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tiyín, ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wọn. Kí ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé orí ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, kí ó sì mú nọ́ńbà tó bá rí níbẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì, láìgbára lé èyí tí olùtajà kọ síwèé. A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè.

Ẹ ní kí ó wo ohun tó wà nítòsí pẹ̀lú. Mowe àti Ibafo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà ìjọba àpapọ̀. Páìpù epo gba agbègbè Arepo kọjá, kò sì jìnnà sí Ibafo. Ní Ìfọ̀, ojú irin àtijọ́ tó ti Èkó wá ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ìjọba amúnisìn, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀ka tó lọ sí Idogo ti yà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà iná ńláńlá ń gba orí ilẹ̀ kọjá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní àyè tí òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ́lé sí, àyè náà a sì máa ṣófo lọ́nà tó ń wu ẹni tó ń wá ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú.

Bí gbogbo rẹ̀ bá wá dára, ẹ rántí pé ibi tí ilẹ̀ wà àti bí ó ṣe rí nìkan ni sọ̀fè ń sọ. Kò sọ ẹni tó ni ín.

Ilẹ̀kùn kejì: Orúkọ ta ló wà nínú ìwé?

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé Mowe ló ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ọkàn wọn a sì lọ sí Alausa. Ìwé ilẹ̀ Mowe kò sí ní Alausa. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé ló ni Mowe àti Ibafo, Ìfọ̀ sì ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni gbogbo wọn. Ọ̀dọ̀ Bureau of Lands and Survey ní Òkè-Mosan, Abẹ́òkúta, ni kí ẹ lọ. Ohun kan tún wà: ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ìwé tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ìgbà náà lè máa tọ́ka sí Ìbàdàn, tí í ṣe olú-ìlú Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́. Kí èyí má ṣe já yín láyà. Kí ẹ ṣáà tọpa rẹ̀ débẹ̀.

Lọ́yà yín yóò kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ wo ìwé ilẹ̀ náà, yóò so ẹ̀dà sọ̀fè mọ́ ọn pẹ̀lú nọ́ńbà C of O tàbí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, yóò san owó tí ìjọba là kalẹ̀, yóò sì gba rìsíìtì. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ máa ń ní ọ̀nà mẹ́ta: nọ́ńbà ìwé náà, ojú-ìwé, àti ìdìpọ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá sọ pé òun ní ìwé tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí kò sì lè dárúkọ mẹ́ta yìí, ó yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ máa bà yín.

Àbájáde ìwádìí yóò sọ orúkọ ẹni tó ni ìwé náà, ọwọ́ ẹni tó ti gbà á, bóyá ó ti fi í yáwó ní báńkì, àti bóyá ẹnìkan ti kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ náà yí ọwọ́ padà. Ẹ gba àbájáde náà ní kíkọ, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu òṣìṣẹ́ kan nínú ọgbà kì í ṣe àbájáde. Ọjọ́ tí wọ́n wò ó nìkan ni àbájáde náà sì ń jẹ́rìí fún. Bí oṣù bá ti gorí oṣù kí ẹ tó sanwó, ẹ tún un wò.

Bí orúkọ tó wà nínú ìwé kì í bá ṣe ti ẹni tó ń tà á fún yín, ẹ béèrè ìfọwọ́sí gómìnà. Abala 22 nínú Òfin Ìlò Ilẹ̀ sọ pé ẹni tí gómìnà fún ní ẹ̀tọ́ kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ìwé tí wọ́n fi ilẹ̀ dúró fún gbèsè láìsí ìyọ̀ǹda yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá lè bá báńkì tó ní lọ́yà lọ́tùn-ún lósì, kí ni kí ọ̀dọ́ tó ń ra pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo wí?

Ilẹ̀kùn kẹta: Kí ni ẹbí àti kóòtù mọ̀?

Wọ́n lè sọ fún yín ní Abẹ́òkúta pé àwọn kò rí nǹkan kan lórí ilẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ a yọ̀, wọ́n á ní ilẹ̀ náà mọ́. Ohun tí ìdáhùn yẹn túmọ̀ sí kò ju pé ẹnikẹ́ni kò tíì forúkọ sílẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tí ẹbí méjì ń jà lé lórí láti ogún ọdún lè má sí nínú ìwé ìjọba rárá.

Nítorí náà, ẹ lọ bá ẹbí. Láti ìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 ni òfin ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ báyìí: bí ọmọ ẹbí kan bá dá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, asán ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá tà á láìsí ìfohùnṣọ̀kan àwọn àgbà ìdí ẹbí yòókù, àwọn wọ̀nyí lè lọ sí kóòtù kí wọ́n sì bì í ṣubú. Ẹ má ṣe gba ìwé tí ẹnìkan ṣoṣo fọwọ́ sí. Ẹ béèrè ìdí ẹbí mélòó ló wà, kí aṣojú ìdí kọ̀ọ̀kan sì fọwọ́ sí i lójú lọ́yà yín.

Bí wọ́n bá ní kóòtù ló dá àwọn láre, ẹ gba ẹ̀dà ìdájọ́ náà láti ọwọ́ akọ̀wé kóòtù fúnra rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ẹnìkan ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àti bóyá ilẹ̀ tí adájọ́ ń sọ ni èyí tí ẹ fẹ́ rà. Bí onílẹ̀ bá ti kú, ẹ béèrè ìwé àṣẹ tí kóòtù gíga fún àwọn tó ń pín ogún rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ ló ń tà á, ẹ wo orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì CAC. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ jókòó díẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta nǹkan ní ìkòríta. "Ẹ kú ọjà o, mà. Ta ló ń dáko níbí tẹ́lẹ̀?" Ìdáhùn rẹ̀ lè gba owó ọdún márùn-ún sílẹ̀.

Owó orí ilé ńkọ́?

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi iṣẹ́ dídíye lé ilé àti gbígba owó orí rẹ̀ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀. Bí ẹ bá ń ra ilé tí wọ́n ti kọ́, ẹ béèrè rìsíìtì owó yìí, kí ẹ sì fi orúkọ ara rẹ̀ wé ti inú ìwé ilẹ̀. Bí ilẹ̀ náà bá ní C of O, owó tó ń wọlé fún ìpínlẹ̀ lọ́dọọdún wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ bèèrè gbèsè tó bá kù. Rìsíìtì owó orí kò sọ ẹnikẹ́ni di onílẹ̀, ṣùgbọ́n bí orúkọ méjì kò bá dọ́gba, ó ti fún yín ní ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi olùtajà.

Fún àwọn tó wà lókè òkun

Ní England, láti oṣù Kejìlá ọdún 1990 ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti wò. Lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń san owó díẹ̀ kí wọ́n tó rí orúkọ onílé. Ní ọ̀pọ̀ agbègbè Amẹ́ríkà, ènìyàn lè wo iye tí ìjọba díye lé ilé kan láti orí àga rẹ̀. Ẹni tó ti mọ́ lára báyìí lè gbàgbé pé ẹsẹ̀ ni a ṣì ń fi wádìí ilẹ̀ ìdílé ní Mowe. Ó fi owó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n, ó sì dákẹ́, nítorí pé bíbéèrè ìwé lọ́wọ́ àgbà dà bí àìfọkàntán.

Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú wàhálà. Lọ́yà mi ló ní kí n bẹ̀ yín, ẹ bá mi fi àbájáde Abẹ́òkúta ránṣẹ́ kí n tó fi owó tó kù ránṣẹ́." Ọ̀rọ̀ tó ní ọ̀wọ̀ ni, ó sì ń gba ẹ̀gbọ́n náà sílẹ̀, torí òun ni ẹbí yóò dá lẹ́bi bí ilẹ̀ bá di ìjà. Kí lọ́yà náà má sì jẹ́ ti ẹni tó ń tà á.

Ní 2016, ní ayé Gómìnà Ibikunle Amosun, Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin tó sọ fífi ipá gba ilẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀, àwọn àjàgùngbalẹ̀ sì lè tìtorí rẹ̀ fojú ba kóòtù. Òfin yẹn dára púpọ̀. Ó lè gbà yín lọ́wọ́ ẹni tó gbé àdá wá. Kò lè gbà yín lọ́wọ́ onílẹ̀ tòótọ́ tó gbé ìwé wá.

Láti Mowe, ẹ lè gba Ṣàgámù dé Abẹ́òkúta kí ẹ sì padà lọ́jọ́ kan náà. Kí ẹ tó san àsansílẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, ẹ rin ìrìn-àjò ọjọ́ kan yẹn.