Ṣé O Mọ̀? Bí Ojú Ilẹ̀ Bá Lé Wa, Níbo Là Ń Sá Lọ?

Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti wọlé, ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn onílé àti ayálégbé tó wà nísàlẹ̀ Kétu, Ìkòsì àti Máìlì 12 ní Èkó: "Ṣé wọ́n ti ṣí Ọ̀yán?" Bí wọ́n bá ti ṣí ìsédò náà, kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi gíga tí yóò sá lọ. Tó bá wá jẹ́ pé gbogbo ojú ilẹ̀ ayé ni kò ṣeé gbé mọ́ ńkọ́? Ibo ni ọmọ èèyàn lè forí pamọ́ sí? Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń ro ó tipẹ́, àwọn baba ńlá wa pàápàá sì ti dán àwọn ibì kan wò. Bí o ṣe ń kà á lọ, máa fi ìbéèrè kan sọ́kàn: ta ni yóò máa bọ́ àwọn tó sá lọ síbẹ̀?

Ṣé o mọ̀ pé omi tó ń lé àwọn ará Kétu àti Máìlì 12 nílé, Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ti ń bọ̀? Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí ìsédò Ọ̀yán, kí Abẹ́òkúta àti Èkó lè rí omi lò. Omi tó lè gbà tó 270 mílíọ̀nù mítà kúbíìkì. Bí òjò bá pọ̀, tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀, inú Odò Ògùn ni yóò gbà, yóò sì ya lọ sí ẹ̀yìn Máìlì 12 kó tó dé ọ̀sà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, omi bo Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú débi pé ìjọba Èkó kó àwọn tí kò rílé gbé lọ sí àgọ́ ní Àgbọ̀wà. Ẹni tó bá ti dé àdúgbò náà lásìkò bẹ́ẹ̀ mọ bó ṣe máa ń rí: ọkọ̀ ojú omi á máa kó èrò lójú títì tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gbà tẹ́lẹ̀, ibùsùn á wà lórí tábìlì, jẹnẹrétọ̀ á wà lórí bulọ́ọ̀kù mẹ́rin, ọmọdé á jókòó sójú fèrèsé máa wo omi. Bí omi bá fà tán, ìlà ẹrẹ̀ tó fi sára ògiri á ṣì wà níbẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé inú omi gan-an ni wọ́n sá lọ? Ní orílẹ̀-èdè Benin, lórí adágún Nokoué, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Ganvié. Ó ti lé ní igba ọdún tí àwọn Tofinu ti tẹ̀ ẹ́ dó, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dahomey ń kó èèyàn lẹ́rú. Ìtàn wọn sọ pé ẹ̀sìn àwọn ọmọ ogun náà kò jẹ́ kí wọ́n bá èèyàn jà lórí omi. Orí òpó igi ni ilé wọn wà, inú ọkọ̀ ni àwọn obìnrin ti ń pàtẹ ọjà, ẹ̀ka igi ni wọ́n sì ń rì mọ́ inú adágún kí ẹja lè wá sá pamọ́ síbẹ̀, kí ó bímọ, kí ó sanra. Àmọ́ àgbàdo kì í hù nínú adágún. Wọ́n ní láti ta ẹja fún ará ilẹ̀ kí wọ́n tó rí oúnjẹ mìíràn rà.

Ṣé o mọ̀ pé Èkó ti ní ilé ìwé tó léfòó rí? Kúnlé Adéyẹmí, ayàwòrán ilé, ló ṣe é fún Mákòkó ní ọdún 2013. Pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì gbé e lé orí àwọn dúrọ́ọ̀mù oníke, kí ó lè máa gòkè bí omi bá ń gòkè. Gbogbo ayé ló yìn ín. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, ìjì òjò wó o lulẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé orí òkè ni gbogbo ìlú Ìdànrè wà títí di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn? Ogun ló gbé wọn lọ síbẹ̀, bó ṣe gbé àwọn Ẹ̀gbá lọ sábẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830. Lórí Òkè Ìdànrè, ààfin wà níbẹ̀, kóòtù wà níbẹ̀, ilé ìwé náà wà níbẹ̀, ó sì lé ní ẹgbẹ̀ta àtẹ̀gùn tí àlejò òde òní máa gùn kó tó rí àwókù wọn. Nígbà tí ayé rọ̀, ní 1923, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ilé abẹ́ ilẹ̀ ti wà ní ẹ̀gbẹ́ wa níbí tipẹ́? Ní 1998, àwọn tó ń ṣe ọ̀nà nítòsí Bohicon ní Benin rí i tí ilẹ̀ dá lu lábẹ́ ẹ̀rọ wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ilé tí èèyàn fọwọ́ gbẹ́ sínú ilẹ̀ pupa ló wà nísàlẹ̀, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn onímọ̀ gbà pé ọmọ ogun ló ń lò ó fi sá pamọ́ fún ọ̀tá. Agongointo ni wọ́n ń pe ibẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò sì ń lọ wò ó di òní.

Ṣé o mọ̀ pé ìlú kan wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ tí ó lè gba ogún ẹgbẹ̀rún èèyàn? Derinkuyu ni, ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì. Ó jìn tó mítà 85, ó ní kànga, ihò atẹ́gùn, ibùso ẹran àti ilẹ̀kùn olókùúta róbótó tí wọ́n ń yí dí ẹnu ọ̀nà láti inú. Ọdún 1963 ni ayé tún ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, nígbà tí ẹnì kan ń tún ilé rẹ̀ ṣe. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó dáko nísàlẹ̀ ibẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n ti kó lórí ilẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, bí ó bá sì tán, wọ́n gbọ́dọ̀ jáde.

Ṣé o mọ̀ pé bí a bá gbẹ́lẹ̀ jù, ooru ni yóò lé wa padà? Bí o bá ti wọ ilẹ̀ ní kìlómítà kan, ooru á fi nǹkan bí ìwọ̀n 25 sí 30 lé sí i. Ní Mponeng, ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà ní South Africa, tó jìn tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin, òkúta ibẹ̀ gbóná ju 60°C lọ. Yìnyín ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ tì lọ sísàlẹ̀ kí òṣìṣẹ́ má bàa kú. Ẹ̀dá kan tí ibẹ̀ tù lára ni kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n rí nínú omi inú àpáta, ní bíi kìlómítà 2.8 sísàlẹ̀. Kò mọ oòrùn, kò mọ̀ ọ́n rí. Inú òkúta ló ti ń rí agbára tó ń jẹ.

Ṣé o mọ̀ pé ìparun tó kan gbogbo ojú ilẹ̀ ayé ti wáyé rí? Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, òkúta ńlá kan já láti ojú ọ̀run sí ibi tí a mọ̀ sí Mẹ́síkò lónìí. Òkùnkùn ṣú, ewéko kú, àwọn ẹran gàgàrà tí à ń pè ní dáínósọ̀ kò là á já, àyàfi ìran ẹyẹ. Àwọn tó là á já ni ẹran kéékèèké, tó jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn ń gbé ihò, tí oúnjẹ díẹ̀ sì tó fún. Ìjàpá àti ọ̀nì náà wà nínú wọn.

Ṣé o mọ̀ pé ọkùnrin kan gbé ìsàlẹ̀ òkun fún 120 ọjọ́? Rüdiger Koch, ẹnjiníà ará Jámánì, ni. Oṣù Kìíní ọdún 2025 ló jáde sókè, létí òkun Panama. Bẹ́ẹ̀dì, tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà wà nínú yàrá rẹ̀, ní mítà 11 sísàlẹ̀ omi. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé oúnjẹ wá fún un.

Ṣé o mọ̀ pé tòmátò kan sọnù ní ojú òfurufú, ọ̀rọ̀ náà di ìròyìn àgbáyé? Ní Máìlì 12, nígbà tí wọ́n bá ń já tòmátò tó ti òkè Ọya dé, èyí tó bọ́ nínú apẹ̀rẹ̀ kì í níye. Alábàárù á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀ kọjá, kò sẹ́ni tó máa bi í. Ṣùgbọ́n nínú ibùdó òfurufú àgbáyé, tó wà ní nǹkan bí irínwó kìlómítà lókè orí wa, tí èèyàn sì ti ń gbé láìdáwọ́ dúró láti ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá ọdún 2000, àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ fẹ̀sùn kan Frank Rubio, arìnrìn-àjò òfurufú, pé ó ti jẹ tòmátò kékeré tó hù lọ́hùn-ún. Ó ní òun ò jẹ ẹ́, ó kàn pòórá ni. Ó ti padà sílé kí wọ́n tó kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 pé àwọn ti rí i. Níbẹ̀, oòrùn ń yọ nígbà mẹ́rìndínlógún lójúmọ́, òógùn àti ìtọ̀ èèyàn ni wọ́n sì ń sẹ́ di omi mímu. Omi ni wọ́n lè tún lò bẹ́ẹ̀. Ní ti oúnjẹ, èyí tó pọ̀ jù ni rọ́kẹ́ẹ̀tì ń gbé wá láti ilé ayé.

Ṣé o mọ̀ pé ihò wà nínú òṣùpá tí kì í gbóná, tí kì í tutù? Ní ọ̀sán, ojú òṣùpá máa ń gbóná ju omi tó ń hó lọ. Ṣùgbọ́n nínú kòtò kan tí kò jìnnà púpọ̀ sí ibi tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ balẹ̀ sí ní 1969, ìṣirò fi hàn pé ibi tí òjìji bò kì í yẹ̀ kúrò ní nǹkan bíi 17°C. Ní 2024, àwọn onímọ̀ kan ní Ítálì fi ẹ̀rọ rédà fi hàn pé kòtò náà ja inú ihò gbọọrọ kan. Ilé ti wà, a ò tíì rí atẹ́gùn.

Ṣé o mọ̀ iye atẹ́gùn tí èèyàn ti rí ṣe nínú ayé Máàsì? Ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní MOXIE ló ṣe é láàárín 2021 sí 2023. Gíráàmù 122 ni gbogbo atẹ́gùn náà, kò wúwo ju àlùbọ́sà kan lọ. Ní ti Àgùàlà, tí a máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá, ilẹ̀ rẹ̀ gbóná débi tí òjé á yọ́. Àmọ́ bí èèyàn bá lè léfòó ní bíi kìlómítà 55 sókè ilẹ̀ rẹ̀, ooru ibẹ̀ kò ju ti Èkó lọ. Kìkì pé ìkùukùu rẹ̀, ásíìdì inú bátìrì mọ́tò ni.

Ṣé o mọ̀ pé èèyàn mẹ́jọ ti gbìyànjú láti bọ́ ara wọn nínú ilé tí wọ́n tì pa? Ní Arizona, Amẹ́ríkà, wọ́n kọ́ ilé onígíláàsì tó tó ẹ́kà mẹ́ta, Biosphere 2, tó ní oko, igbó àti òkun kékeré. Ọkùnrin mẹ́rin àti obìnrin mẹ́rin wọlé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1991, wọ́n sì jáde lẹ́yìn ọdún méjì. Ebi pa wọ́n, wọ́n rù. Atẹ́gùn ọ́síjìn sì ń dín kù, láti bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún sí bí ìdá 14, débi pé wọ́n ní láti fẹ́ òmíràn wọlé láti ìta. Àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ oko wọn ló ń lò ó, kọnkéré ilé náà sì fa gáàsì tí ì bá tún di ọ́síjìn mọ́ra.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀wà Ìbàdàn wà nínú òkè oníyìnyín ní Norway? Ní 2008, wọ́n ṣí àká irúgbìn Svalbard, nínú òkè, ní ibi tí òtútù rẹ̀ wà ní ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo. Àjọ IITA, tó ń ṣèwádìí irè oko ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi irúgbìn ránṣẹ́, ẹ̀wà sì wà nínú rẹ̀. Ní 2015, àwọn tó ń tọ́jú irúgbìn ní Syria, tí ogun ti lé kúrò ní Aleppo, ni wọ́n kọ́kọ́ padà lọ gbà nínú tiwọn, wọ́n sì tún un gbìn ní Lebanon àti Morocco.

Ìdáhùn ìbéèrè tí a ní kí o fi sọ́kàn rèé: nínú gbogbo ibi ìsápamọ́ wọ̀nyí, kò sí èyí tó bọ́ àwọn èèyàn inú rẹ̀ láìgbára lé ojú ilẹ̀. Ní 2010 pàápàá, nígbà tí àwọn ará Ajégúnlẹ̀ wà ní àgọ́, ilẹ̀ gbígbẹ níbòmíràn ló bọ́ wọn. Nítorí náà, owó àti làákàyè tí a bá ná láti dáàbò bo ojú ilẹ̀ kò ṣòfò. Má kọ́lé dí ojú omi, má da ike àti ewé ọjà sínú gọ́tà Kétu, bí ìjọba bá sì kéde pé Ọ̀yán fẹ́ ṣí, kó àwọn ọmọdé àti arúgbó lọ sí ibi gíga kí omi tó dé kókósẹ̀.