Alùpùpù Àkọ́kọ́ fún Àgbẹ̀: Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, owó kòkó ọdún kan lè wọ inú alùpùpù tán. Ẹ má ra èyí tó máa ṣẹ́ yín lẹ́sẹ̀ kí ìkórè tó dé.

1. Ẹ kọ́kọ́ jókòó lé e. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ yín méjèèjì kò bá kanlẹ̀ dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀. Lójú ọ̀nà oko, ẹsẹ̀ lẹ máa fi gbé e dúró.

2. 100cc tó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. 150cc lágbára ẹrù lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣèèṣì fún un níná jù, ó lè gbé yín wọgbó.

3. Suzuki AX100 ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù. Bajaj Boxer kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò. Ẹ bi mẹkáníìkì yín léèrè èyí tó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

4. Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ fi nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì wé ti inú ìwé. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ má sanwó.

5. Ẹ dé akoto. Ẹ má tíì gbé àpò tàbí èèyàn sẹ́yìn títí ọwọ́ yín yóò fi mọ́ ọn. Ẹrù ẹ̀yìn máa ń mú kí iwájú fúyẹ́, kò sì ní ṣeé darí.