Iṣẹ́ Bọ́, Owó Dà? Ẹ Mú Bírò, Ẹ Jẹ́ Ká Ṣírò Rẹ̀!

Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ bàálé ilé kan ní Òkìtìpupa, òun nìkan kọ́ ló kàn. Ìyá oní-pupuru tó ń tà á láwìn di ìparí oṣù, télọ̀ tó rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀, onílé tó ń retí owó ilé, gbogbo wọn ló máa bá a pín nínú ìyà náà. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ará Ìkálẹ̀. Ṣebí ojú wọn ni ilé-iṣẹ́ Oluwa Glass ṣe dákẹ́ ní Igbókòdá, lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ aládùúgbò wọn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu ẹni tó gba lẹ́tà ìdádúró ni pé, "Èló ló tọ́ sí mi?" Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀. Wọ́n á kàn fọwọ́ síwèé, wọ́n á gba ohun tí ọ̀gá bá kà lé wọn lọ́wọ́.

Ní Ìlú Ọba, láti 1911 ni òfin ti wà pé kí àwọn òṣìṣẹ́ kan máa gba owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní Nàìjíríà, kò sí irú rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni kí òṣìṣẹ́ wò.

OWÓ NÓTÍÌSÌ
Òfin tí wọ́n ń pè ní Labour Act sọ pé ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ju oṣù mẹ́ta lọ, tí kò tíì pé ọdún méjì, gbọ́dọ̀ gba nótíìsì ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Bí ọ̀gá bá ní kó máa lọ lójú ẹsẹ̀, kó san owó àsìkò náà. Àmọ́ ẹni tí wọ́n lé nítorí ìwà burúkú tó hàn gbangba lè pàdánù rẹ̀.

OWÓ ÌDÁDÚRÓ
Bí iṣẹ́ bá dínkù tí wọ́n fẹ́ dín èèyàn kù, ọ̀gá gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kó sì sapá láti bá wọn dúnàádúrà owó. Òfin ò sọ iye tó máa jẹ́. Inú ìwé àdéhùn lẹ ti máa rí i.

OWÓ PẸ́ŃṢÀN
Òfin pẹ́ńṣàn 2014 kan ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú N100, wọ́n á yọ N8 lára owó òṣìṣẹ́, ọ̀gá á fi N10 tirẹ̀ kún un. Ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún, tí kò ríṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, lè gbà tó ìdá mẹ́rin kan nínú ohun tó wà nínú àkáǹtì náà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ẹnì kan ń gba N80,000 lóṣù, ó sì ti lo ọdún márùn-ún. Owó nótíìsì rẹ̀, N80,000. Bí àdéhùn bá ní ààbọ̀ owó oṣù fún ọdún kọ̀ọ̀kan, N200,000 nìyẹn. Pẹ́ńṣàn, N14,400 lóṣooṣù. Lọ́dún márùn-ún, N864,000, láìka èlé. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan, N216,000. Gbogbo rẹ̀, N496,000.

Ẹ má tíì yọ̀ o! Oṣù mẹ́rin gbọ́dọ̀ kọjá kí ti pẹ́ńṣàn tó wọlé. N280,000 tó kù ló máa fi jẹun títí di ìgbà náà: N70,000 lóṣù. Bí kò bá sí àdéhùn ìdádúró, N20,000 péré ni lóṣù. Ìyàwó ilé tó bá mọ èyí lọ́jọ́ kìíní kò ní ra aṣọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ewu míì tún wà. Àwọn ọ̀gá kan ń yọ owó, wọn kì í fi ránṣẹ́. Òfin ní kí irú wọn san ó kéré tán N2 owó ìtanràn lórí N100 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá fi pẹ́. Nítorí náà, ẹ máa bèèrè ìwé àkáǹtì yín nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà.

Ẹ̀yin ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má rò pé kò kàn yín. Ní 2019, ìjọba bẹ̀rẹ̀ pẹ́ńṣàn fún ẹni tí kò ní ọ̀gá. Wọ́n ṣètò pé nínú N100 téèyàn bá fi síbẹ̀, kó lè mú N40 nígbà ìṣòro, kí N60 di ti ọjọ́ ogbó.

Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé tí kò kà, ẹjọ́ ara rẹ̀ ló máa rò. Ẹ kà á, ẹ ṣírò rẹ̀, kẹ́ ẹ tó tẹ̀ka sí i!