Ṣé O Mọ̀? Díìsì Bíréèkì Olówó Gọbọi ní Zone 4, Abidjan

Ṣé o mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá ń sáré 200 kìlómítà ní wákàtí kan, ooru tí bíréèkì rẹ̀ máa gbà kó tó dúró jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti ìgbà tó bá ń sáré 100? Kì í ṣe ìlọ́po méjì o. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ eré fi ń wá díìsì tí ooru kì í tètè borí.

Ṣé o mọ̀ pé díìsì kábọ́ọ̀nù-sẹ̀rámíìkì kì í wúwo ju nǹkan bí ìdajì díìsì irin ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ? Fọ́nrán kábọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pò mọ́ oje. Wọ́n á sun ún nínú iná ìléru, lẹ́yìn náà wọ́n á jẹ́ kí sílíkọ́ọ̀nù tó ti yọ́ wọ inú rẹ̀. Sílíkọ́ọ̀nù kì í sì í yọ́ àfi bí ooru bá dé 1,414 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Ṣé o mọ̀ pé 2001 ni Porsche fi irú díìsì yìí sára 911 GT2 láìjẹ́ pé oníbàárà bèèrè rẹ̀? Mìlímítà 350 ni láti etí kan dé èkejì nígbà náà, níwájú àti lẹ́yìn. Wo bó ṣe dàgbà: 911 Turbo S ti 2020 gbé 420 níwájú àti 390 lẹ́yìn. Lamborghini Urus gbé 440 níwájú!

Ṣé o mọ̀ pé rímù ló ń pàṣẹ bí díìsì ṣe lè tóbi tó? Rímù íǹṣì 20 jẹ́ mìlímítà 508. Bí o bá fi díìsì 410 sínú rẹ̀, 49 péré ló kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, inú ìyẹn náà sì ni kálípà àti nínípọn rímù fúnra rẹ̀ ti máa gbà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé díìsì ńlá wọ rímù kékeré torí pé rímù náà dùn ún wò, kó má tíì sanwó.

Èyí tó wá ń dun èmi jù rèé. Ṣé o mọ̀ pé lára 911 GT3 ti 2021, díìsì irin iwájú jẹ́ 408, ti kábọ́ọ̀nù-sẹ̀rámíìkì sì jẹ́ 410? Mìlímítà méjì ló wà láàárín wọn! Ojú kò lè rí i. Lẹ́yìn, irin jẹ́ 380, èkejì 390. Páàdì wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, wọn kì í sì í gba ara wọn. Nítorí náà, ọmọ Èjìgbò tó ń gbé Treichville ní Abidjan, tí ọ̀gá rẹ̀ rán wá sí Zone 4 láti ra díìsì, kò gbọdọ̀ sọ pé "disque avant GT3" (díìsì iwájú GT3) kó sì dákẹ́. Kó mú nọ́ńbà ẹ̀ǹjìnnì àti ti ṣaṣí dání, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ti ṣaṣí yẹn gan-an, kó sọ irú ohun tí wọ́n fi ṣe díìsì náà, kó béèrè bó ṣe fẹ̀ àti bó ṣe nípọn. Owó díìsì mẹ́rin tuntun lè ra ọkọ̀ tókunbọ̀ kékeré kan. Irú owó bẹ́ẹ̀ kọ́ ni èèyàn ń fi ṣe àbá.

Ṣé o mọ̀ pé orí erékùṣù Petit-Bassam, láàárín ọ̀sà Ébrié, ni Zone 4 àti gbogbo Marcory wà? Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ní ọ̀rinrin, òkun Port-Bouët kò sì jìnnà. Díìsì irin tó sun ìta mọ́jú lẹ́yìn òjò á ti dípẹtà. Kábọ́ọ̀nù-sẹ̀rámíìkì kì í dípẹtà. Àmọ́ bí omi bá wà lára rẹ̀, ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ tí o bá tẹ̀ lé bíréèkì lè má tètè mú un, kí awakọ̀ má bẹ̀rù.



Ṣé o mọ̀ pé òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá díìsì kábọ́ọ̀nù-sẹ̀rámíìkì ti gbó? Wọ́n kọ ìwúwo tó kéré jù tí ó gbọ́dọ̀ ní sára àárín rẹ̀. Bó bá ti lọ sísàlẹ̀ ìyẹn, ó parí, bó tilẹ̀ ń dán. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ta àlòkù fún ọ, tí kò sì jẹ́ kí o gbé e sórí òṣùwọ̀n, fi sílẹ̀ fún un.

Ṣé o mọ̀ pé fọkanáísà lè ba irú díìsì bẹ́ẹ̀ jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan? Ó le, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ máa ń sán bí rímù irin bá forí sọ ọ́. Ọ̀pá kékeré méjì ni wọ́n ń dè mọ́ ojú ihò bóòtù kí wọ́n tó fa rímù jáde, kó lè máa yọ̀ lọ geere lórí wọn. Ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan rímù rẹ, béèrè àwọn ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀.