Ìrìn-àjò fàkáǹsì sí Adja-Ouèrè: òjò, ọ̀nà àti ọjọ́ ọdún

Kí oṣù Òkúdù tó wọlé ni àwọn ọmọ wa tó wà ní Cotonou, ní Paris àti ní Libreville ti máa ń bi ẹgbẹ́ wa ní ìbéèrè kan náà: "A ń bọ̀ nílé ní fàkáǹsì. Ọjọ́ wo ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́?" Ìbéèrè tó dára ni, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà méjì ló wà nínú rẹ̀. Fàkáǹsì ń tẹ̀lé ilé-ìwé. Ọdún ìbílẹ̀ ń tẹ̀lé òjò, ìkórè àti ohun tí Ifá bá sọ. Ẹni tó bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú kó tó béèrè, àfi kó gba ohun tó bá nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí òjò. Ní gúúsù Benin, ìgbà òjò méjì ló wà lọ́dún. Òjò ńlá, èyí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń gbin oko àkọ́rọ̀, ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà. Oṣù Òkúdù ló máa ń le jù, á sì dẹwọ́ ní nǹkan bí ìdajì oṣù Agẹmọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀ẹ̀rùn kékeré tó bọ́ sí oṣù Ògún: ojú ọ̀run á ṣú, afẹ́fẹ́ á tutù, ṣùgbọ́n òjò kì í pọ̀. Òjò àrọ̀kúrò á padà dé ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, yóò sì rọ̀ wọ inú oṣù Bélú. Ìgbà náà ni ẹ̀ẹ̀rùn ńlá tó dé, ọyẹ́ á sì tẹ̀lé e.

Ìdí tí oṣù Ògún fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé òjò ń bá oòrùn rìn lọ sí àríwá. Nígbà tó bá fi di oṣù Ògún, ibi tí òjò ti ń rọ̀ jù ti kúrò lọ́dọ̀ wa, ó ti dé apá Natitingou. Ní ọ̀hún, ìgbà òjò kan ṣoṣo ni wọ́n ní, oṣù Ògún sì wà lára ìgbà tó ń le jù. Ẹni tó bá sọ pé òjò ti dá ní Adja-Ouèrè, kí òun gòkè lọ wo erin ní Pendjari, yóò bá òjò náà níbẹ̀. A ò tíì sọ ti ààbò, tó ti ba ọ̀nà yẹn jẹ́ lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí. Ẹ má sì gbàgbé súwẹ́tà àwọn ọmọdé. Àwọn tí wọ́n bí sí Paris máa ń rò pé Áfíríkà kì í tutù, wọ́n á wá máa gbọ̀n ní alẹ́ oṣù Ògún.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wá kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Apá kan kọmúùnù wa jẹ́ ilẹ̀ pupa, tí òjò bá dá, kò ní pẹ́ tí ẹsẹ̀ á fi lè tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lọ sí ọ̀nà Massè àti ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, ẹ ó bọ́ sínú àfonífojì tí àwọn ìwé ń pè ní Lama, ọ̀rọ̀ èdè Potogí tó túmọ̀ sí ẹrẹ̀. Amọ̀ dúdú ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, á sán, ẹsẹ̀ ọmọdé á lè há sínú ihò rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, á wú, á di àtè: táyà kì í yí nínú rẹ̀, bàtà kì í bọ́ nínú rẹ̀. Láti 1914 dé 1916, nígbà tí àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí ìjọba Faransé, ẹrẹ̀ yìí wà lára ohun tó dá àwọn ọmọ ogun dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju ti kọ̀wé lórí ìjà náà. Ohun tó ṣòro fún ọmọ ogun nígbà náà ṣì ṣòro fún mọ́tò ìyálò lónìí, nígbà tí ẹ bá ti kúrò lórí ọ̀nà ọ̀dà. Ẹni tó bá ní ìbátan ní abúlé inú amọ̀, kó má lọ ní oṣù Òkúdù. Kó dúró di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Ògún, kó gbéra láàárọ̀, kó sì gba zémìjàn ọmọ agbègbè náà, torí òun ló mọ ibi tí ilẹ̀ ti le.

Ó wá di orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Lọ́dún 2001 ni UNESCO kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, ní 2008 wọ́n sì fi í sínú àkójọ wọn. Láti ìgbà náà ni àlejò ti pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ni a ń jó o fún, a kì í ṣe é fún àlejò. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń lọ tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń bọ̀, láàárín oṣù Ẹrẹ́nà sí Èbìbí, ni ọdún náà máa ń bọ́ sí. Ẹ̀fẹ̀ á kọrin mọ́jú, á bú ẹni tó yẹ kó bú, á súre fún ìlú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á jáde. Wọ́n tún máa ń gbé e jáde nígbà ọ̀dá, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn àti níbi ìnáwó òkú àgbà.

A ò lè tẹ ọjọ́ rẹ̀ sórí kàlẹ́ńdà. Ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀ tí àwa ń kà ní ọrún, ọjọ́ mẹ́rin ni lójú àwọn Faransé, kì í bá ọjọ́ méje wọn dọ́gba. Bí òjò bá pẹ́ kó tó dé, ìgbìn á sún síwájú, àwọn àgbà á sì tún béèrè ọjọ́ mìíràn lọ́wọ́ Ifá. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gan-an pé ìsinmi Àjíǹde ni kó wá, kó fi fàkáǹsì ńlá sílẹ̀. Tí kò bá ṣeé ṣe, kó béèrè bóyá ẹbí kan ní ìnáwó ìrántí òkú ní oṣù Ògún, torí àwọn mìíràn máa ń dúró de àwọn ọmọ tó wà lókè òkun. Èmi ò fara mọ́ àwọn tó ń sanwó kí wọ́n lè gbé agà jáde fún ìṣẹ́jú ogún ní ọ̀sán, kí wọ́n yà á sí fóònù. Ọmọ tó bá rí ìyẹn nìkan á padà sí Paris pẹ̀lú èrò pé aṣọ àti igi ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kò ní gbọ́ orin kan.

Oṣù Ògún náà kò ṣófo o. Àgbàdo tuntun ti dé ọjà Ikpinlè, iṣu tuntun sì ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè. Ọjọ́ kìíní oṣù náà ni àyájọ́ òmìnira. Ní ọjọ́ 15, ìlú Savalou ń ṣe ọdún iṣu, èyí tó ṣeé fọkàn tán nítorí ọjọ́ náà kì í yẹ̀. Ẹni tó bá lè wá ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ á bá ọ̀nà gbígbẹ, àti àjọ̀dún Vodun ní Ouidah ní nǹkan bí ọjọ́ 10.

Ohun kan ṣoṣo tí a kì í fi ṣeré ni Orò. Bó bá ń jáde, obìnrin kì í rí i, ọkùnrin tí kò wọ awo náà kì í dúró lóde. Ìlú á kéde, ṣùgbọ́n àlejò tó sùn sí òtẹ́ẹ̀lì ní Pobè tàbí Sakété lè má gbọ́. Nítorí náà, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn yín, ẹ pe baálé ilé tí ẹ ń lọ, ẹ béèrè bóyá ọ̀nà ṣí. Bó bá ní kí àwọn ìyá àti àwọn àbúrò wa obìnrin dúró, kí wọ́n dúró. Ẹ máa gbà ju ọjọ́ kan lọ sílẹ̀ nínú ètò yín nítorí irú èyí, ẹ má ṣe fi ọjọ́ tí ẹ máa padà sí Cotonou wọ ọkọ̀ òfúrufú há mọ́ ọjọ́ tí ẹ máa kúrò lábúlé.