Ọlọ́kọ̀ àti Ọlọ́kadà Nínú Àgbàlá Kan

Ọ̀pọ̀ ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé táwọn èèyàn jọ ń gbé kì í ṣe torí owó. Ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí ló máa ń dá a sílẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ gbé ọkọ̀ jáde láago mẹ́fà àárọ̀, ó bá máṣíìnì lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ni ín ti ti ọwọ́ rẹ̀ pa, ó sì ti wọlé lọ sùn. Lọ́jọ́ míì, ọlọ́kọ̀ ló máa rẹ́fáàsì, tó máa gbá máṣíìnì ṣubú, tó sì máa ní òun ò rí i. Bọ́rọ̀ bá ti dà báyìí, àwọn tí wọ́n jọ ń pọnmi níbi kànga kan náà lè má kí ara wọn fún odindi oṣù kan.

Ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ ju ìjà lọ. Tó bá jẹ́ aboyún tó ń rọbí ló wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n dínà mọ́ yẹn ńkọ́? Tó bá sì jẹ́ pé máṣíìnì tí wọ́n gbá ṣubú yẹn ni ẹnì kan fi ń wá owó iléèwé ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Àgbàlá wa ò fẹ̀ tó ojú ọ̀run lóòótọ́, àmọ́ tá a bá ṣètò rẹ̀, ó máa gba gbogbo wa.

Báwo lọ̀rọ̀ náà ṣe di wàhálà?

Nígbà tí wọ́n ń wọn ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti báńkì tá à ń lò lónìí, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nìkan ni wọ́n rò mọ́ ọn. Ìgbà tó yá ni máṣíìnì wá gbòde kan. Kódà, ara ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, iléeṣẹ́ Olóyè Gabriel Igbinedion, la ti rí orúkọ náà ọ̀kadà, torí pé àwọn èèyàn gbà pé kò sóhun tó ń yára gbéni débi téèyàn ń lọ bíi tiẹ̀. Lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, zẹmijáàn ni wọ́n ń pè é, ìyẹn “gbé mi kíákíá” lédè Fọn.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà láwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà lọ́dún 2020, wọ́n sì tún mú òfin náà le sí i ní June 2022. Síbẹ̀, máṣíìnì ò tán nílẹ̀. Àwọn tó ń fi máṣíìnì gbé oúnjẹ àti ẹrù dé ilé oníbàárà pọ̀ níwájú àwọn ilé ìtajà. Láwọn ìlú míì, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, àgbẹ̀ àti oníṣòwò ló ń gun tiwọn lọ síbi iṣẹ́. Torí náà, ẹ má ṣe rò pé tí géètì bá ti wà ní títì, ọ̀rọ̀ máṣíìnì ò kan ilé tiyín.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe ní Kútọnu

Ẹni tó bá ti dé Kútọnu tàbí Ouagadougou ní Burkina Faso á mọ̀ pé máṣíìnì pọ̀ níbẹ̀ ju ọkọ̀ lọ. Níbi tí èrò pọ̀ sí, bí ọjà, ilé ìwòsàn àti iléèwé gíga, wọ́n máa ń ní ibi táwọn èèyàn ń gbé máṣíìnì sí, tí ẹ̀ṣọ́ ń bójú tó. Ẹ̀ṣọ́ á fún yín ní nọ́ńbà, á sì to máṣíìnì yín sórí ìlà. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ ó dá nọ́ńbà pa dà, ẹ ó sì san owó táṣẹ́rẹ́. Lọ́nà yìí, gbogbo èèyàn mọ ibi tó yẹ kí máṣíìnì wà, ẹnì kan sì wà tó ń ṣọ́ ọ.

Ohun méjì la lè rí mú níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ibi tó dá wà ni wọ́n ya sọ́tọ̀ fún máṣíìnì, wọn ò kàn há a sáàárín ọkọ̀. Ìkejì ni pé ìlà ni wọ́n ń tò ó sí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àyè tí wọ́n sábà máa ń fún ọkọ̀ kan fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 2.5, ó sì gùn tó mítà 5. Máṣíìnì gùn tó nǹkan bíi mítà 2, ọwọ́ rẹ̀ ò sì fẹ̀ tó mítà kan. Ìyẹn ni pé àyè ọkọ̀ kan ṣoṣo lè gba máṣíìnì mẹ́rin, ó tiẹ̀ lè gba márùn-ún. Tí láńdíọ̀ọ̀dù bá ya àyè ọkọ̀ kan sọ́tọ̀, ìjà ilé mẹ́rin lè parí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní máṣíìnì

● Ẹ má ṣe gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, sẹ́nu géètì, sídìí àtẹ̀gùn tàbí síwájú ẹnu ọ̀nà ẹlòmíì. Tó bá di dandan pé kẹ́ ẹ dínà mọ́ ẹnì kan fúngbà díẹ̀, ẹ má ṣe ti ọwọ́ rẹ̀ pa, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà fóònù yín síbi tí wọ́n á ti rí i.

● Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí ògiri, kí iwájú rẹ̀ sì kọjú síta. Ẹ ò ní máa fà á sọ́tùn-ún sósì láàárín ọkọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń jáde.

● Ẹ rántí pé tẹ́ ẹ bá fi ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ gbé e dúró, apá òsì ló máa tẹ̀ sí. Tí ọkọ̀ bá wà lápá òsì yẹn, ẹ fàyè sílẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì wúwo ju 100 kílógíráàmù lọ, tó bá sì ṣubú lu ilẹ̀kùn ọkọ̀, owó pánẹ́lì kì í ṣe kékeré.

● Lórí iyanrìn, tàbí lórí ọ̀dà tí oòrùn ti mú rọ̀, ẹsẹ̀ yẹn lè rì wọlẹ̀. Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ tàbí òkúta pẹlẹbẹ tì í nísàlẹ̀. Níbi tó bá dagun, ẹ jẹ́ kí iwájú rẹ̀ kọjú sókè, kẹ́ ẹ sì fi jíà sí i.

● Tó bá di aago márùn-ún àárọ̀, ẹ tì í dé ẹnu géètì kẹ́ ẹ tó táná sí i. Ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn wà nínú yàrá kejì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀

Àwọn kan máa ń sọ pé, “Ṣé torí máṣíìnì lásánlàsàn ni?” Ìyẹn ò dáa. Ayálégbé tó ní máṣíìnì ń sanwó ilé bíi tiyín. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ó gbé tiẹ̀ sáàárín ìlà ọkọ̀ torí pé kò síbòmíì, ẹ má ṣe fi bọ́ńpà tì í kúrò. Ẹ má sì ṣe ní kí àwọn ọmọ gbé e sápá kan nígbà tí olówó rẹ̀ ò sí ńlé, torí tó bá ṣubú lù wọ́n, ọ̀rọ̀ á burú.

Kẹ́ ẹ tó rẹ́fáàsì, ẹ rìn yí ọkọ̀ ká. Máṣíìnì kì í ga tó ohun tẹ́ ẹ máa tètè rí nínú gíláàsì, ọmọdé náà ò sì ga. Ẹ wò ó pé ẹ ṣílẹ̀kùn jẹ́jẹ́, torí ìgbà míì wà tí ọlọ́kadà máa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó dúró.

Sàlẹ́ńsà ò mọ ọmọdé

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù rèé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti paná máṣíìnì, sàlẹ́ńsà rẹ̀ ṣì máa ń gbóná fúngbà díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọmọdé fi ní àpá ní ojúgun. Ẹ gbé apá ibi tí sàlẹ́ńsà wà sọ́dọ̀ ògiri, kẹ́ ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ pé máṣíìnì kì í ṣe ohun ìṣeré.

Tó bá ti jó ọmọ, ẹ da omi tútù tó ń ṣàn sójú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má ṣe fi epo pupa, ẹyin, iyọ̀ tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á, torí ńṣe nìyẹn máa dá kún un. Tó bá ti lé roro, tàbí tó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà lọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Tí ilẹ̀ bá ṣú

Torí olè, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ti máṣíìnì wọnú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́. A mọ̀ pé olè ò jẹ́ kéèyàn sùn. Àmọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni gbogbo ilé máa gbà sá jáde tí iná bá sọ, epo tó wà nínú máṣíìnì sì lè mú kí iná náà le sí i. Ẹ wo irin kan tó dúró gbọn-in lára ògiri àgbàlá, kẹ́ ẹ fi ṣéènì àti àgádágodo so máṣíìnì mọ́ ọn. Tí kò bá sírú ẹ̀, ẹ dá owó jọ kẹ́ ẹ sì ní kí wẹ́dà ri kan mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ pé inú ilé náà ló ṣì máa wọ̀, ẹ má ṣe gbé e sítòsí sítóòfù tàbí jẹnẹrétọ̀, ẹ sì rí i dájú pé èèyàn méjì lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pa pọ̀.

Ọ̀rọ̀ tútù ló ń yọ obì lápò

Ẹ má ṣe dúró dìgbà tí inú bá bí yín kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Ìpàdé ilé ló yẹ kẹ́ ẹ ti sọ ọ́, nígbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jáde. Ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà, kẹ́ ẹ sì fàdéhùn sí i pé ẹnikẹ́ni ò ní gbé nǹkan kan sẹ́nu géètì.

Tẹ́nì kan bá sì ti dínà mọ́ yín, ẹ kanlẹ̀kùn rẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ pé, “Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún máṣíìnì yẹn, mo fẹ́ gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé.” Ó ṣòro kẹ́ni tí wọ́n bá bẹ̀ báyìí yarí. Ẹ̀yin tí wọ́n pè náà, ẹ tètè jáde, kẹ́ ẹ sì ní, “Ẹ má bínú.” Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ wá ibòmíì gbé e sí.