Ẹ̀rọ Tó Ń Kọ Nọ́ńbà Sínú Káàdì

Bí nọ́ọ̀sì bá de ẹ̀rọ mọ́ apá wa láti wọn ìfúnpá, ó ní láti kọ nọ́ńbà tó rí sílẹ̀. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, ó lè kọ 108 dípò 180. Dókítà á wo káàdì, á ní kò séwu. Bẹ́ẹ̀ ewu ti wọlé.

Nítorí èyí ni àwọn ilé-ìwòsàn kan ṣe so ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ aláìsàn wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni ó ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́. Ẹgbẹ́ HL7, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1987, ló ṣètò èdè tí kọ̀ǹpútà ilé-ìwòsàn lè fi bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Kò tán síbẹ̀ o! Ẹ̀rọ kò mọ apá Òjó yàtọ̀ sí ti Àìná. Bí wọ́n bá gbé e kúrò lọ́dọ̀ Àìná lọ sọ́dọ̀ Òjó, tí wọn kò pààrọ̀ orúkọ inú rẹ̀, nọ́ńbà Òjó á wọ káàdì Àìná. Lójú tiwa, èyí burú ju àṣìkọ lọ, torí ta ni yóò fura? Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń so okùn olórúkọ mọ́ ọrùn-ọwọ́ aláìsàn, kí nọ́ọ̀sì lè fi ẹ̀rọ ka àmì ara rẹ̀ ná. Bí wọ́n bá so ó mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ka orúkọ tó wà níbẹ̀.